Ike Funfun Tí Lorna Gbé Wálé

Ilé ìwé tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ike, ike ò sí níbẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà tó wọlé tọ ìdílé Pickersgill nílùú Grimsby nílẹ̀ òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ olóúnjẹ ló ní kí oníbàárà máa mú iyọ̀ tirẹ̀ bọ̀ láti ilé, yẹ̀yẹ́ la ó fi í ṣe títí tí yóò fi kógbá wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé ìwé fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn òbí pé owó ò sí mọ́, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá ike tirẹ̀ mú wá sí yàrá iṣẹ́ ọwọ́, irú ike dídán tí wọ́n ń pè ní akírílíìkì nìkan, ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa dákẹ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ike kiri.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, Lorna Pickersgill dúró nílé ìdáná, ó ń yan búrẹ́dì fún ọmọ tí kò ní jẹ ẹ́. Ó ti lọ gbálẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀ bọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kò tíì bọ́ bàtà. Tamsin, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, jókòó sídìí tábìlì nínú aṣọ tó fi sùn, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín itan. Wọ́n ti ní kí kíláàsì wọn jókòó sílé lónìí. Màmá Edie, ìyá ọkọ Lorna, wà lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọwọ́ òsì rẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti sọ di aláìlágbára sinmi lórí ìrọ̀rí. Ẹ̀wà inú agolo ń hó wúyẹ́wúyẹ́ lórí iná. Mítà gáàsì tó wà lára ògiri ń ké bó ṣe máa ń ké tí owó inú rẹ̀ bá fẹ́ tán, kò sì sẹ́ni tó wò ó.

"Jẹun, Tamsin."

"Ebi ò pa mí."

"Àná náà o ò jẹun."

"Mọ́mì, mo ní ebi ò pa mí!"

"Fi ọmọ sílẹ̀ jàre," Màmá Edie wí. "Ohun tó há a lọ́fun ju búrẹ́dì lọ."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá, gbogbo àdúgbò ló mọ ìdajì rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé nínú yàrá iṣẹ́ ọwọ́, níbi tí Ọ̀gbẹ́ni Garside ti ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán nǹkan ìlò kí wọ́n tó fi ike ṣe é, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán gé ike yọ èéfín tó ta sánsán bí oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé àwọn ọmọ húkọ́ jáde síta, tí omi ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n mọ̀ pé Corey Trott, ọmọ-ọmọ Mavis tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn Pickersgill, tó ní ikọ́ fée láti kékeré, ṣubú lulẹ̀, ọkọ̀ ilé ìwòsàn ló sì gbé e lọ.

Ìdajì yòókù, ilé ìdáná yìí nìkan ló wà. Ike tó wà nínú ẹ̀rọ nígbà tó yọ èéfín, abẹ́ kóòtù Lorna ló ti jáde.

Clive ọkọ rẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé, òórùn ẹja ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó gbé àpò ẹja oníbúrẹ́dì kan sórí tábìlì, ẹja tí wọ́n fi ẹ̀rún búrẹ́dì bò, àwọn tó ti kán sí wẹ́wẹ́ tí ilé iṣẹ́ máa ń tà fún àwọn òṣìṣẹ́ lówó pọ́ọ́kú. Kò tíì rí ibi jókòó sí tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fi ṣí, tí Mavis fi wọlé. Kì í kanlẹ̀kùn. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ Lorna, tí ti Lorna náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mavis, báwo ni ọmọ?" Lorna tètè béèrè.

"Wọ́n ṣì fi nǹkan bò ó nímú, wọ́n ń fún un ní atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Dókítà ní bí èémí rẹ̀ bá já gaara títí di ọ̀sán, àwọn á jẹ́ kó máa bọ̀ nílé." Mavis já ara rẹ̀ jókòó. Aṣọ àná ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Ẹ fún mi ní tíì. Ọ̀fun mi ti gbẹ. Tamsin, ó ní kí n kí ẹ. Ó ní kí o má sunkún."

Tamsin bojú wolẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni yẹn, Garside," Mavis ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "wọ́n máa pè é lónìí. Gbogbo àwọn ìyá ló ti ń kọ ọ́ sórí fóònù. Wọ́n ní ó mutí wá ni."

"Garside ò mutí," Clive sọ ọ́ láìgbójú sókè.

"Ìwọ ni ọtí tí kò mu? Ṣé ẹ jọ ń jókòó nílé ọtí ni? Àwọn kan ní fóònù ló ń tẹ̀. Ohun yòówù tó ń ṣe, ojú rẹ̀ ò sí lára àwọn ọmọ. Bí n bá gán-án-ní rẹ̀ lójú títì, bàtà ẹsẹ̀ mi ni n ó fi bá a sọ̀rọ̀!" Ó yíjú sí Tamsin. "Ìwọ náà kúkú wà níbẹ̀. Sọ fún Àǹtí rẹ. Kí ni ọkùnrin náà ń ṣe?"

Ọmọ náà gbójú sókè, ìyá rẹ̀ ló sì wò, kò wo Mavis. Lorna yí ẹ̀yìn sí wọn, ó ń ro ẹ̀wà tí kò nílò ríro.

"Kíláàsì méjì ni wọ́n pa pọ̀ fún un, Àǹtí Mavis," Tamsin wí, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹyẹ lọ. "Ó ń sáré láti yàrá kan bọ́ sí èkejì. Òun ló pọn Corey jáde."

"Kí ló fẹ́ ṣe, kó fi sílẹ̀ kó kú?" Mavis gbé tíì rẹ̀ mì, ó sì dìde. "Lorna, Ọlọ́run á bá mi san án fún ẹ. Àná, bí kì í bá ṣe ìwọ tó bá mi wọ ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn, mi ò mọ ohun tí n bá ṣe." Ó gbá a mọ́ra, ó sì jáde.

Lorna kó ife tíì Mavis kúrò lórí tábìlì.

"Mo ń lọ sí ilé ìwé yẹn," Lorna wí.

"O ò lọ síbì kankan," Clive dá a lóhùn.

"Clive, wọ́n fẹ́ lé e."

"Kí wọ́n lé e! Ṣé ìwọ lo gbà á síṣẹ́? O rántí Doreen tí ẹ jọ ń gbálẹ̀. Igi ìdáná tí wọ́n fẹ́ dà nù ló kó lọ sílé, wọ́n sì lé e bí ẹni lé ajá jáde. Ṣé ìwọ ni wọ́n máa gbé sórí itan? Wọ́n ti sọ fún yín pé ohun kan kò gbọ́dọ̀ jáde níbẹ̀, ìdọ̀tí pàápàá."

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe pátákó ìpolówó ni Lorna ti ń gbálẹ̀. Nínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ibẹ̀ ló ti rí ike méjì lọ́sẹ̀ tó kọjá, funfun ni méjèèjì, wọ́n ń dán, ọ̀rá tín-ín-rín lẹ̀ mọ́ wọn níwá lẹ́yìn. Ọ̀kan ti fọ́ létí. Èkejì pé pérépéré, ó le, kò tilẹ̀ fọ́ nígbà tó jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá wo ni yóò mú èyí tó fọ́ fún ọmọ rẹ̀? Èyí tó dáa ló mú, ó rọra tì í sábẹ́ kóòtù. Bí wọ́n tilẹ̀ bi í, kò mọ̀ pé akírílíìkì ni èyí tó fọ́, pé fífọ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ń dá a mọ̀.

"Àwọn ló yẹ kí wọ́n dáhùn!" Clive ti dìde, ojú rẹ̀ pọ́n. "Wọ́n lé Roy tó ń bá Garside tọ́jú ẹ̀rọ, tó máa ń yẹ gbogbo ike wò. Wọ́n ní owó oṣù rẹ̀ pọ̀ jù. Wọ́n di ẹrù ènìyàn mẹ́ta lé ọkùnrin kan lórí. Wọ́n wá ní kí èmi, èmi tí mo ń kó ẹja, kí n wá ike. Ṣé mo ń yé ike ni? Ṣé abẹ́ mi ni ike wà?"

"Òótọ́ ni gbogbo ohun tí o sọ."

"Ó dáa, jókòó."

"Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé ìwé ló sọ pé akírílíìkì ni. Èmi ni."

Ìgbà náà ni Tamsin sọ̀rọ̀, kò pariwo, ìyẹn ló sì burú jù.

"Sà ti kọ́ wa. Ẹ máa ki wáyà bàbà bọná títí á fi pọ́n. Ẹ máa fi kan ike náà, ẹ máa dá a padà sínú iná. Bí iná bá di àwọ̀ ewé, irú ike tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi ni, kò gbọ́dọ̀ dé inú ẹ̀rọ, èéfín rẹ̀ ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró. Mo mọ̀ ọ́n, Mọ́mì. Mo mọ̀ ọ́n ju gbogbo wọn lọ. Mo fẹ́ dán an wò. Mo wá ní rárá, Mọ́mì ti sọ pé akírílíìkì ni. Sà bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú."

Lorna di etí tábìlì mú. Ó rántí bó ṣe sọ ọ́. Ọmọ náà ti béèrè tayọ̀tayọ̀, 'Mọ́mì, ṣé akírílíìkì ni?' Ojú sì ti ìyá láti sọ pé òun ò mọ̀, òun kàn hú u nínú ìdọ̀tí ni. 'Kí ló tún lè jẹ́?' ló fi dá a lóhùn. Ẹyin lohùn. Ó ti bọ́, ó ti fọ́, kò sì sí àwo tí ènìyàn lè fi gbá a jọ.

"Bí wọ́n bá lé ẹ," Clive wí, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀ báyìí, ẹ̀bẹ̀ ló kù nínú rẹ̀, "owó ẹja nìkan ló kù. Lorna, gbọ́ mítà yẹn. Ṣé inú òtútù la máa fi Màmá sí?"

"Má fi mí ṣe àwáwí o," Màmá Edie wí látorí àga rẹ̀. "Tèmi ni ohun ìgbé káàdì dúró tí ọmọ yìí fẹ́ fi ike náà ṣe, kí n lè máa fi ọwọ́ kan ta káàdì. Mo mọ̀ ọ́n, ẹ ò ní láti pa á mọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kóòtù la fi ń bo òtútù."

Clive wo ìyá rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì lọ sùn láìjẹun. Lorna pa iná lábẹ́ ẹ̀wà.

Ó fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé ìwé, atẹ́gùn òkun ń gbá a lójú. Wọ́n ti fi okùn aláwọ̀ ìyeyè sé ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ ọwọ́. Lójú gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, àwọn nǹkan tí àwọn ọmọ ti ṣe lọ́dún tó lọ ṣì wà lórí pẹpẹ: aago, ohun tí wọ́n ń gbé fóònù dúró sí, fìtílà tí wọ́n fi ooru tẹ̀ bí ewé, gbogbo rẹ̀ ń dán, orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ tirẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Garside jókòó síta ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé, lórí àga kékeré tí wọ́n máa ń fi àwọn ọmọ aláìgbọràn sí. Ẹ gbà mí o! Ọkùnrin tó ti hu ewú sídìí iṣẹ́! Ó dìde nígbà tó rí i.

"Màmá Tamsin. Ọmọ ńkọ́? Ṣé ó ń húkọ́?"

"Kò húkọ́, sà. Ọ̀gbẹ́ni Garside, èmi ni."

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni mo sọ fún un pé akírílíìkì ni. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹnu lásán ni mo fi sọ ọ́. Mo mú un níbi iṣẹ́ mi, ojú sì ń tì mí."

Ọkùnrin náà ti ọwọ́ bọ àpò, ó fa wáyà bàbà kékeré kan yọ, orí rẹ̀ ti dúdú nínú iná.

"Èyí wà lápò mi lánàá," ó wí. "Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé a kì í fi ẹnu bi ike, iná la fi ń bi í. Ẹ lè bi ọmọ èyíkéyìí. Àmọ́ àwọn ti yàrá kejì di ayùn mú, wọ́n ń ṣe wéré, mo ní kí n tètè lọ dá wọn dúró. Mo wá fi ẹnu bi í." Ó dá wáyà náà padà sápò. "Ẹ sọ fún Tamsin pé kì í ṣe òun."

"Kí ni wọ́n máa ṣe fún yín?"

"Wọ́n ní kí n kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra mi. Wọ́n ní yóò dáa fún gbogbo ènìyàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n á máa sọ fún àwọn òbí pé àìbìkítà mi ló fà á."

"Mo máa wọlé lọ sọ ohun tí mo sọ fún yín."

Ó yẹ kí Garside ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, àbí? Kó ní kó ronú nípa iṣẹ́ rẹ̀. Àgbàlagbà inú ìtàn á sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fẹ́ ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ kì í ṣe igi. Ojú Ọ̀gbẹ́ni Garside kún fún omi, ó sì dì í lọ́wọ́ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó wí. "Ẹ bá mi sọ ọ́."

Ìyáàfin Haldane, ọ̀gá ilé ìwé, gba Lorna tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ó fún un ní àga, ó bi í léèrè Tamsin, ó ní ó ká òun lára. Lorna ò jẹ́ kó parí rẹ̀. Ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, kóòtù, ọ̀rọ̀ tó sọ fún ọmọ. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni obìnrin náà dìde, tó lọ ti ilẹ̀kùn.

"Ta ló tún mọ̀ nípa èyí?"

"Ilé mi. Àti Ọ̀gbẹ́ni Garside."

"Ìyáàfin Pickersgill, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ lè pàdánù iṣẹ́ yín?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Nígbà náà, mi ò gbọ́ ohun tí ẹ sọ."

"Ẹ gbọ́ ọ."

"Mi ò gbọ́." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí nọ́ọ̀sì tó fẹ́ gún ọmọ lábẹ́rẹ́. "Ilé ìwé yìí kì í gba ike lọ́wọ́ òbí."

"Ẹ̀yin lẹ ní ká mú un wá! Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa!"

"Ẹ wò ó wò."

Lorna yọ fóònù rẹ̀, ó wo ibi tí ilé ìwé máa ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí. Ọ̀rọ̀ ajá tó sọnù wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ eré ìdárayá wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ike ò sí. Ó wá a lókè, ó wá a nísàlẹ̀. Wọ́n ti yọ ọ́.

"Ojúṣe tíṣà ni ohunkóhun tó bá wọ inú ẹ̀rọ," Ìyáàfin Haldane wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ọ̀gbẹ́ni Garside náà gbà bẹ́ẹ̀. Yàrá yẹn, a ti ń ronú àtitì í tẹ́lẹ̀, owó rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín ba ilé yín jẹ́ nítorí ohun tó ti tán. Ẹ ṣé gan-an tí ẹ wá."

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́, òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Lorna ti gbé òtítọ́ dé ọjà, ó ti fẹ́ fi iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ san owó rẹ̀, wọ́n sì ní kó gbé e padà sílé. Nítorí bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á ní láti sọ ẹni tó ní kó mú ike wá.

Nígbà tó jáde, Garside dìde. Lorna bojú wolẹ̀. Ọkùnrin náà mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà jókòó sórí àga kékeré náà. Lorna ò lè dúró wò ó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré jáde.

Nílé, Clive ti jí. Òun fúnra rẹ̀ ló ti din ẹja oníbúrẹ́dì, ó ti se ànàmọ́, ó sì ti da owó sí mítà. Ó gbé abọ́ sílẹ̀ níwájú aya rẹ̀.

"Wọ́n ní àwọn ò gbọ́," Lorna wí.

"Wọn ò gbọ́ kẹ̀?"

"Wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Wọ́n á lé e, a ó sì dákẹ́."

Clive mí kanlẹ̀. Ìmí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀ ni, ojú sì tì í lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bó ṣe mí i. "O ti ṣe tìẹ," ó wí. "Ó tán, Lorna. O ti ṣe tìẹ."

"Mọ́mì, kí ni wọ́n wí gan-an?" Tamsin béèrè.

"Wọ́n ní mo ṣé."

Ọmọ náà ti abọ́ rẹ̀ sí àárín tábìlì. Màmá Edie ń fi ọwọ́ kan gé ẹja, ọ̀bẹ ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dìde ràn án lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jókòó tí ẹja fi tutù.

Ògiri dún. Gbọ̀, gbọ̀, gbọ̀. Mavis ni. Bí àwọn obìnrin méjèèjì ṣe máa ń pe ara wọn nìyẹn: wọ́n á fi ẹ̀yìn ìkòkò kan ògiri tó wà láàárín ilé wọn, ẹnì kejì á sì mọ̀ pé omi tíì ti hó. Ohùn ọmọkùnrin kan ń gba inú ògiri wá pẹ̀lú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń húkọ́. Wọ́n ti dá Corey padà.

"Má lọ," Clive wí.

Ògiri tún dún.

"Má lọ o. Ọmọ ti dé, ara rẹ̀ ti yá. Kí lo tún fẹ́ ṣe fún un?"

Lorna bọ́ kóòtù rẹ̀ tó ti gbàgbé lọ́rùn, ó fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò wo ọkọ rẹ̀. Tamsin ló wò, ọmọ náà sì ń wò ó láìṣẹ́jú. Ó gba ẹ̀yìn jáde.

Mavis wà nídìí ẹ̀rọ omi nínú ilé ìdáná rẹ̀, ó ń bó ànàmọ́, gbogbo ara rẹ̀ ló ń yọ̀. "Wọlé, wọlé! Ó wà lókè lórí ibùsùn, ó ní ànàmọ́ díndín lòun máa jẹ, àgbàlagbà ìjẹkújẹ! Lorna, wọ́n ti lé ọkùnrin yẹn. Ọ̀gá ilé ìwé ló pè mí fúnra rẹ̀. Ó ní tirẹ̀ nìkan ni ẹ̀bi. Mo ní kó má ṣiṣẹ́ nílùú yìí mọ́ láéláé. Jókòó, kí lò ń wò?"

"Mavis, tèmi ni ike yẹn."

"Ike wo?"

"Èyí tó wà nínú ẹ̀rọ. Mo jí i níbi iṣẹ́ fún Tamsin. Ó bi mí pé kí ni, mo parọ́ fún un pé akírílíìkì ni. Ohun tó sọ fún tíṣà nìyẹn. Mo ti lọ sọ fún wọn nílé ìwé, wọn ò gbà á. Garside ò mutí, kò tẹ fóònù. Èmi ni, Mavis."

Ọ̀bẹ dúró lára ànàmọ́. Mavis ò yíjú.

"O bá mi wọ ọkọ̀ lánàá," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O dì mí lọ́wọ́ mú títí ilẹ̀ fi ṣú. Gbogbo ìgbà yẹn, o mọ̀."

"Mo mọ̀."

Mavis ṣí omi. Ó fọ ànàmọ́ kan ṣoṣo náà, ó fọ̀ ọ́, ó ń fọ̀ ọ́, omi ń dà sí i lápá aṣọ. Lorna dúró. Ó fẹ́ kó bú òun. Ó fẹ́ kó ju ọ̀bẹ náà lulẹ̀, kó fi bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ bá òun sọ̀rọ̀ bó ṣe ṣèlérí. Kò ṣe ọ̀kankan. Nígbà tó pa omi, ó yíjú sí i, ojú rẹ̀ gbẹ, ó sì na ọwọ́ tútù sí i. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé Lorna pé kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ ló ń béèrè. Ó yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́.

Òkè ni ohùn Corey ti wá, ó há díẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn.

"Nàná! Mo gbọ́ ilẹ̀kùn! Ṣé Àǹtí Lorna ni? Ẹ ní kó gòkè wá wò mí!"

Lorna wo àtẹ̀gùn. Mavis ń wo Lorna, kò sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀ nígbà tó gbé ohùn sókè.

"Rárá o, ọmọ mi," ó dáhùn. "Kò sẹ́nì kankan níbí."